Yunifásítì ti dé Kabba: yàtọ̀ sí owó ilé, kí ni ìlú ń rí gbà?

Ọmọ_Owé (ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Okun o, gbogbo ilé. Ẹ kú ìkàlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ ká jọ yẹ̀ wò. Apá ìwọ̀-oòrùn Kogí wa yìí ti ní yunifásítì ju ẹyọ kan lọ. Ti ìjọba àpapọ̀ wà ní Lọ́kọ́ja láti 2011, Salem, yunifásítì aládàáni, náà wà níbẹ̀, ti ìpínlẹ̀ sì dé Kabba nígbà ìjọba Yahaya Bello. Nígbà tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún ti Kabba, ohun tí gbogbo wa ń sọ ni pé ìlú máa là, pé kò ní di dandan kí àwọn ọmọ wa lọ sí Anyigba tàbí Ìlọrin kí wọ́n tó kàwé. Ó ti dé. Mo ń rí ilé tuntun, mo ń rí ọ̀kadà tó ń pọ̀ sí i, mo ń rí àwọn obìnrin tó ń dín àkàrà títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Inú mi dùn sí i.

Àmọ́ bí mo bá béèrè lọ́wọ́ èèyàn pé kí ni yunifásítì ń ṣe fún ìlú, owó ilé ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ dárúkọ, òun náà ni wọ́n sì máa ń fi parí rẹ̀. Àwọn tó mọ̀ nípa ilẹ̀, nípa omi, nípa òfin, nípa ẹ̀rọ, gbogbo wọn kó wá bá wa gbé, ká wá máa gba owó yàrá lọ́wọ́ wọn nìkan? Ẹ sọ ohun tí ẹ ti rí níbòmíràn fún mi, àti ohun tí ẹ rò pé ó yẹ kí ìlú béèrè fún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi òṣèlú sílẹ̀ ní tiwa níbí.

Onílé_Òkè

Àbúrò mi, má fojú tín-ín-rín owó ilé o. Èmi ti fẹ̀yìntì. Ilé tí mo fi owó àjẹmọ́nú kọ́ ṣófo fún ọdún pípẹ́, ewúrẹ́ ló ń sùn nínú yàrá méjì. Akẹ́kọ̀ọ́ ló ń gbé ibẹ̀ báyìí. Owó yẹn ni mo fi ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, òun náà ni mo fi ń san owó ilé ìwé ọmọ-ọmọ mi. Ẹ sì ka àwọn tó ń jẹun lára ilé kíkọ́: bíríkìlà, káfíńtà, àwọn tó ń gbọ́n yanrìn, àwọn tó ń ṣe búlọ́ọ̀kù, àwọn onípáìpù. Ẹni tó bá ní kì í ṣe ohun gidi ni, kò tíì ní yàrá tó ṣófo rí.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kabba

Ẹ kú àárọ̀ sà. Ọ̀kan lára àwọn tó ń san owó yẹn ni mí, ọmọ Ìjùmú sì ni mí, kì í ṣe àlejò. Ẹ bá wa sọ fún àwọn onílé yòókù pé owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan náà pọ̀ jù fún ọmọ tí òbí rẹ̀ ń ṣe oko. Èyí tó tún ṣòro ju owó lọ ni ojú ọ̀nà. Ní oṣù Karùn-ún 2024, àwọn ajínigbé wọ yunifásítì tó wà ní Ọ̀sárà, wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Látìgbà náà ni màmá mi ti máa ń pè mí ní gbogbo alẹ́. Bí ìlú bá lè fi iná sójú ọ̀nà tí a ń gbà láti kíláàsì padà sílé, kí àwọn fijilanté sì máa gba ibẹ̀ kọjá, a óò lè dúró sí láíbìrì pẹ́. Ẹ̀yin ń béèrè ohun tí yunifásítì máa ṣe fún ìlú, ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ọmọ tí ẹ̀rù ń bà kò lè ṣe nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni.

Onílé_Òkè

O ti sọ òótọ́, ọmọ mi. N óò gbé ọ̀rọ̀ iná yẹn dé ìpàdé àdúgbò wa.

Ìyá_Felele

Ẹ̀yin ará Kabba, ẹ gbọ́ tèmi nítorí pé Lọ́kọ́ja ti ṣáájú yín rí i. Oúnjẹ ni mo ń tà. Nígbà tí àwọn olùkọ́ yunifásítì ìjọba àpapọ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ ní 14 Oṣù Kejì 2022, a rò pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni. Ó di 14 Oṣù Kẹwàá kí ó tó parí. Oṣù mẹ́jọ gbáko! N kò dá àwọn olùkọ́ lẹ́bi, ẹni tí kò gba owó oṣù kò lè máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti yá owó ẹgbẹ́ láti fi ra ìkòkò àti fíríìsà. Àwọn ọmọ lọ sílé, gbèsè kò lọ. Ibi tí mo ń bá ọ̀rọ̀ bọ̀ ni pé bí ó bá jẹ́ owó àpò akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni ìlú ń rí gbà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti géètì, ìlú náà ti ti.

Nǹkan kan wà tí mo máa fẹ́. Omi kànga ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú àwa olóúnjẹ fi ń sebẹ̀, òun náà ni àwọn tó ń ta omi inú ọ̀rá fi ń ṣe tiwọn. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Inú yunifásítì, àwọn tó ń kọ́ nípa kòkòrò àìfojúrí wà níbẹ̀, àwọn tó ń kọ́ kẹ́mísìrì wà níbẹ̀, wọ́n ní yàrá àyẹ̀wò. Ṣé wọn kò lè máa gba omi wa yẹ̀ wò, kí wọ́n sọ fún wa pé ti tibí yìí dára, ti tọ̀hún ẹ sè é kí ẹ tó mu ún? Wọn kò ní ná owó tó pọ̀ lórí ẹ̀, ó sì lè gba ẹ̀mí là.

Dókítà_Yàgbà

Ìyá_Felele, ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mo fẹ́ gbé síwájú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dàgbà mọ̀ pé Kwárà la wà kí wọ́n tó dá Kogí sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ 1991. Yunifásítì Ìlọrin, ti ìjọba àpapọ̀, ló wà ní ìpínlẹ̀ wa nígbà náà, ibẹ̀ ni mo sì ti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn. Wọn kì í jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn jókòó sí ìgboro títí yóò fi gbàwé ẹ̀rí. Ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní COBES. Wọ́n á pín wa ní ẹgbẹ́-ẹgbẹ́, wọ́n á kó wa lọ sí ìletò, a óò máa gbé ibẹ̀. A óò lọ láti ojúlé dé ojúlé: ọmọ mélòó ló ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, níbo lẹ ti ń pọnmi, níbo lẹ ń yàgbẹ́ sí, àìsàn wo ló ń dà yín láàmú jù. Lẹ́yìn náà, a óò jókòó ti baálẹ̀ àti àwọn ìyálọ́jà, a óò bi wọ́n pé nínú gbogbo èyí, èwo lẹ fẹ́ ká kọ́kọ́ dojú kọ. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí àwa rò pé wọ́n máa mú kọ́ ni wọ́n mú.

Ìbàdàn ló ṣáájú Ìlọrin nínú irú iṣẹ́ yìí. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Ìbàdàn, ṣí ní 1957. Ní 1963, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ètò Ìbàràpá, Ìgbò-Ọrà ni wọ́n fi ṣe ibùdó, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń lọ gbé ibẹ̀, wọ́n ń tọ́jú èèyàn, wọ́n ń ṣe ìwádìí. Sòbìà wà lára ohun tí wọ́n ṣe ìwádìí lé lórí níbẹ̀. Ẹ̀yin ọmọdé ìsinsìnyí kò mọ sòbìà, ẹ bi àwọn òbí yín àgbà. Aran gígùn ni, inú omi adágún la ti ń mu ún, ó sì máa ń gba ẹsẹ̀ jáde lákòókò tí iṣẹ́ oko bá le, àgbẹ̀ yóò wá dùbúlẹ̀ sílé. Ní 2013 ni àjọ ìlera àgbáyé tó kéde pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣàkíyèsí nípa Ìbàràpá ni pé kì í ṣe ojú àánú ni yunifásítì fi wo àwọn ará ibẹ̀. Yunifásítì nílò wọn. Dókítà tí kò wọ ilé aláìsàn rí kò tíì kọ́ṣẹ́ tán. Nítorí náà, nígbà tí ìlú bá lọ bá yunifásítì, kí ó má lọ bí alágbe.

Tíṣà_Gbẹ̀dẹ̀

Ẹ ṣeun, Dókítà. Gbólóhùn yín tó gbẹ̀yìn yẹn, ó yẹ ká tẹ̀ ẹ́ síta.

Ọmọ_Ẹbí_Onílẹ̀

N óò sọ tèmi bí inú yóò bá tilẹ̀ bí ẹnì kan. Ilẹ̀ ẹbí wa wà lára èyí tí ilé ẹ̀kọ́ kan gbà, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Wọ́n wọn ilẹ̀, wọ́n ka igi kajú wa, wọ́n kọ orúkọ wa sínú ìwé, ó parí síbẹ̀. Bàbá mi kú láìrí kọ́bọ̀. Ẹ ń sọ̀rọ̀ omi àti sòbìà, àwa tí a fi oko sílẹ̀ ńkọ́?

Olùkọ́_Àgbà

Ẹ kú ọ̀fọ̀ bàbá yín o, ẹ kú ìrora. Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì, òfin sì ni mo kọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dúró sí nítorí pé ọ̀pọ̀ ẹbí ni kò mọ̀. Òfin ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àkóso gómìnà. Bí ìjọba bá gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn, ohun tó wà lórí rẹ̀ ni owó gbà-má-bínú wà fún jù, bí irè oko, igi eléso, ilé. Kò sí owó kan gbòógì fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Nítorí náà, ìwé tí wọ́n fi ka igi kajú yín ni ẹ̀rí yín, ẹ má jẹ́ kí ó sọnù. Kí ẹbí kọ lẹ́tà, kí wọ́n fi ẹ̀dà ìwé náà sí i, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kí wọ́n sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí padà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan yunifásítì ni èyí: ní Ìbàdàn, láti 2007, ẹ̀ka òfin wọn ní ibi ìgbàmọ̀ràn ọ̀fẹ́ fún àwọn obìnrin tí kò ní owó lọ́yà. Akẹ́kọ̀ọ́ òfin ló ń gbọ́ ẹjọ́ wọn, olùkọ́ tó jẹ́ lọ́yà á máa tọ́ wọn sọ́nà. Irú rẹ̀ níbí yóò wúlò fún ẹbí yín, yóò wúlò fún akẹ́kọ̀ọ́ tí onílé fẹ́ lé jáde, yóò sì wúlò fún onílé tí ayálégbé kò sanwó. Gbogbo ibi tí yunifásítì bá ti ní ẹ̀ka òfin ni ìlú ti lè béèrè fún un.

Ọmọ_Ẹbí_Onílẹ̀

Ìwé náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n wa ní Kàdúná. N óò pè é. Ẹ ṣé gan-an, sà.

Àgbẹ̀_Bùnú

Ẹ jẹ́ ká má gbàgbé pé kì í ṣe òní ni ilé ẹ̀kọ́ gíga dé Kabba. Kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níbẹ̀, abẹ́ yunifásítì Ahmadu Bello (ABU) ní Zaria ló wà, ó sì ti wà kí a tó dá Kogí sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn agbaninímọ̀ràn àgbẹ̀ tó ti ń gun alùpùpù wá sí oko wa látijọ́, ibẹ̀ ni wọ́n ti jáde. Nígbà tí ìjọba dẹ́kun gbígbà wọ́n síṣẹ́, ẹsẹ̀ wọn dá lóko.

Àwọn ABU yìí náà ni ilé ìwádìí wọn gbé ẹ̀wà SAMPEA 20-T jáde ní 2019, èyí tí kòkòrò tó ń lu àpò ẹ̀wà kò lè bà jẹ́. Ẹni tó bá ti gbin ẹ̀wà rí mọ iye oògùn tí à ń fín sí i kí ó tó gbó. Ẹ bi àgbẹ̀ mẹ́wàá ní Bùnú bóyá wọ́n ti gbọ́ orúkọ irúgbìn náà.

Ọ̀rọ̀ iṣu náà ńkọ́? Iṣu ni oúnjẹ wa, iṣu ni owó wa, síbẹ̀ lọ́dọọdún la máa ń yọ apá tó pọ̀ nínú ìkórè sọ́tọ̀ fún èbù. Àwọn ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Umudike àti IITA ní Ìbàdàn ti kọ́ni tipẹ́ bí a ṣe lè gé iṣu sí wẹ́wẹ́, ká fi eérú àti oògùn pa á lára, ká gbìn ín, kí ó di èbù tí a máa lò lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi kò gbọ́ nípa rẹ̀ títí ó fi di arúgbó. Akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ kan péré tó bá wá fi hàn wá nínú oko, kì í ṣe nínú ìwé, ó tó.

Kajú wá ni èyí tó ń dùn mí jù. Kóró rẹ̀ la máa ń tà láìfọ́. Ó ń lọ sí Vietnam àti Íńdíà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ ọ, ibẹ̀ ni èrè gidi wà. Èso rẹ̀ tó pupa, tó dùn, abẹ́ igi ló ń jẹrà sí. Ìdí tí a kò fi lè fọ́ ọ fúnra wa ni pé epo kan wà nínú èèpo kóró náà tó máa ń jó ọwọ́, ẹni tó bá fi ọwọ́ lásán fọ́ ọ, awọ rẹ̀ á bó. Ẹ̀rọ ló ń fẹ́. Ẹ̀rọ kékeré, tí wẹ́dà wa lè tún ṣe tó bá bàjẹ́. Bí àwọn tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ ní Ọ̀sárà tàbí níbikíbi bá lè ṣe èyí fún wa, n kò ní béèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ yunifásítì láyé mi.

Ọmọ_Ọ̀wọ̀rọ̀

Àgbẹ̀_Bùnú, ẹ ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi lórí kajú. Tèmi ni omi. Ní 2012, omíyalé gba Lọ́kọ́ja. Ní 2022, ó tún gbà á. Ganaja, Adankolo, ọkọ̀ ojú omi la fi ń kó ẹrù. Odò Ọya àti Bẹ́núè pàdé síwájú ilé wa, bí wọ́n bá sì ṣí omi ìsédò Lagdo ní Kámẹ́rúùnù sílẹ̀, ọ̀dọ̀ wa ló ń kọjá. Yunifásítì wà nínú ìlú kan náà. Kí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jáde láti fi ọ̀dà sàmì sí ara ògiri àti òpó iná níbi tí omi dé lọ́dún méjèèjì, kí wọ́n yàwòrán ilẹ̀ tó ga àti èyí tó rẹlẹ̀, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọjà àti mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ yóò mọ ohun tó ń rà.

Ọmọbìnrin_Ògìdì

Ẹ̀yin ń sọ ti omi àti oko, ó dáa. Aṣọ ìpò Bùnú, èyí tó pupa tí wọ́n fi ń sin àgbà, mélòó ni àwọn tó ṣì mọ̀ ọ́n hun? Ní Ògìdì, Ìyá Nike Davies-Okundaye ti gbìyànjú, wọ́n kọ́ ibùdó iṣẹ́ ọnà sílé. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá lè wá jókòó ti àwọn ìyá tó mọ òfì, kí wọ́n gba ohùn wọn sílẹ̀ ní Owé, ní Ìjùmú, ní Yàgbà, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ gan-an, yóò di ohun tí a lè fi kọ́ àwọn ọmọ wa. Lẹ́yìn ikú wọn, kò sí ibi tí a ti fẹ́ rí i mọ́.

Ọmọ_Owé

Mo ń ka gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìwúrí. Olùkọ́_Àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ọ́ bí ó ti rí: kí ló dé tí àwọn olùkọ́ kì í fi fúnra wọn jáde wá bá wa? Ta ni ìlú sì yẹ kó lọ bá?

Olùkọ́_Àgbà

Iṣẹ́ mẹ́ta ni yunifásítì gbà wá fún: kíkọ́ni, ìwádìí, àti iṣẹ́ fún àwùjọ. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n bá fẹ́ gbé wa ga, ìwé tí a tẹ̀ jáde ni wọ́n ń kà jù. Olùkọ́ tó lo ọjọ́ Sátidé rẹ̀ nínú oko kajú, kò sí ibi tí wọ́n fẹ́ kọ ọ́ sí tí yóò tó ìwé kan. Ohun tó ń fa á nìyẹn ju ìgbéraga lọ.

Nítorí náà, ọ̀nà tó wà ni kí ìlú mú ìbéèrè rẹ̀ wọ inú iṣẹ́ tí a gbọ́dọ̀ ṣe lọ́nàkọnà. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún ìkẹyìn ló gbọ́dọ̀ kọ iṣẹ́ ìwádìí. Lọ́dọọdún la máa ń wá àkòrí, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń ṣe ohun tí ẹlòmíràn ti ṣe ní ìgbà àìmọye. Bí Ìyá_Felele bá kọ ìbéèrè omi rẹ̀ sílẹ̀, iṣẹ́ ìwádìí ni. Ẹ̀rọ kajú náà, iṣẹ́ ìwádìí ni. Àmì omíyalé pẹ̀lú. Olùkọ́ yóò rí ìwé tẹ̀ jáde nínú rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ yóò gba máàkì, ìlú yóò sì rí ìdáhùn.

Èkejì ni SIWES, ètò tó ti wà láti 1973, tó ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn tó ń kọ́ nípa ẹ̀rọ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ máa ń tó oṣù mẹ́fà. Èkó àti Àbújá ni wọ́n ń sá lọ nítorí pé kò sí ẹni tó pè wọ́n nílé. Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ tó bá ní orúkọ, tó ní ìwé, lè béèrè fún wọn.

Ẹ sì má rò pé nǹkan tuntun ni mò ń sọ. Ní 1969, yunifásítì tó wà ní Ifẹ̀ mú abúlé Ìsọyà, ẹ̀bá ìlú níbẹ̀, àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í bá àwọn àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ lórí oko, lórí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, lórí ìwé kíkà fún àgbàlagbà, lórí ìtọ́jú ilé. Láti abúlé yẹn ni wọ́n ti kọ́ ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n fi ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ wọn nípa bí a ṣe ń bá àgbẹ̀ sọ̀rọ̀.

Nípa ẹni tí ẹ máa lọ bá: kí lẹ́tà gba ọwọ́ ọba àti ẹgbẹ́ ìlú jáde, kí ó lọ sọ́dọ̀ gíwá, kí ẹ̀dà rẹ̀ lọ bá olórí ẹ̀ka tí ọ̀rọ̀ kàn. Lẹ́tà tó béèrè iṣẹ́ asọ́géètì fún ọmọ onílẹ̀ ni wọ́n mọ̀. Ẹ fún wọn ní òmíràn kà.

Onílé_Òkè

Iṣẹ́ asọ́géètì náà dáa o, Olùkọ́. Ọmọ ẹni tó ń ṣọ́géètì ló máa wọ kíláàsì lọ́la.

Olùkọ́_Àgbà

Bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo gbà. Ẹ béèrè fún un, kí ẹ sì béèrè fún èyí tó kù.

Tíṣà_Gbẹ̀dẹ̀

Mo fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé ìwé girama wọ inú lẹ́tà náà. Ilé ìwé wa kò ní tíṣà físíìsì. Yàrá àyẹ̀wò wà, igò tó wà nínú rẹ̀ ti ń kó eruku láti ìgbà tí èmi náà wà ní kíláàsì. WAEC yóò bèèrè ìdánwò àfọwọ́ṣe, àwọn ọmọ yóò kọ ohun tí wọ́n kà nínú ìwé. Kí yunifásítì ṣí yàrá àyẹ̀wò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ SS3 wa lọ́jọ́ Sátidé díẹ̀ ṣáájú ìdánwò. Kò ná wọn ju iná jẹnẹrétọ̀ lọ, àwa yóò wá epo. Àwọn ọmọ yìí kan náà ni wọ́n máa gbà wọlé lẹ́yìn ọdún kan, ó sàn fún wọn kí wọ́n wọlé pẹ̀lú ìmọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Kabba

Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi lè máa kọ́ wọn ní ìṣirò, tíṣà. Ọ̀fẹ́ ni. A ti ń ṣe é fún àwọn ọmọ onílé wa tẹ́lẹ̀.

Tíṣà_Gbẹ̀dẹ̀

Ọlọ́run á bù kún ọ, ọmọ mi. Fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi níbí, n óò bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ Ajé.

Ọmọ_Owé

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà náà. Mo ti fi omi, kajú, èbù iṣu, yàrá àyẹ̀wò, ibi ìgbàmọ̀ràn òfin àti gbígba ohùn àwọn ìyá sílẹ̀ sínú rẹ̀. Iná ojú ọ̀nà wà nínú apá tí ìlú fúnra rẹ̀ máa ṣe, Bàbá Onílé ló mú un. Ti Lọ́kọ́ja yóò jẹ́ lẹ́tà ọ̀tọ̀, Ọmọ_Ọ̀wọ̀rọ̀ àti Ìyá_Felele, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jọ kọ tiyín. Kí ẹni tó bá ní àfikún sọ ọ́ kí n tó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbà.

Àgbẹ̀_Bùnú

Àfikún mi kò ju ẹyọ kan lọ. Kajú máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ ní oṣù Kejì. Bí wọ́n bá fẹ́ rán àwọn ọmọ ẹ̀rọ wá wò ó, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé kí wọ́n dé kí oṣù Kìíní tó parí. Ibùsùn wà nílé mi, iṣu sì wà.